Tírọ́ọ̀dì ń lọ sílẹ̀, ìsinmi ìbímọ ń parí: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Obìnrin ẹni ọdún 33 ni, ọmọ kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Olùṣírò owó ni ní iléeṣẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 60. Òun ló ń kó àkọsílẹ̀ owó oṣù kọ̀ọ̀kan jọ, tó ń fi wé ti báńkì, tó sì ń fọwọ́ sí owó tó fẹ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ 16 ni ìsinmi ìbímọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ fi máa pé ọ̀sẹ̀ 27, ó ti kọ lẹ́tà ìfipòsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò kàn tíì fi ránṣẹ́ ni. Ọ̀gá rẹ̀ náà ti kọ tirẹ̀, tó fi fẹ́ gbé e lọ sí ipò tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan péré ló lè sọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n tiẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní kò sí nǹkan.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. A tò ó pọ̀ láti ara ohun tó máa ń wáyé léraléra, a sì fi nọ́ńbà sí i kí ẹni tó bá ń kà á lè fi wé ti ara rẹ̀.

Bí àìsàn náà ṣe ń rìn

Àìsàn tírọ́ọ̀dì tó ń tẹ̀lé ìbímọ ni, tí àwọn dókítà ń pè ní postpartum thyroiditis. Tírọ́ọ̀dì wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Họ́mọ̀nù tó ń ṣe ló ń darí bí ara yóò ṣe yára tó: bí ọkàn yóò ṣe máa lù, bí oúnjẹ yóò ṣe máa dà, bí ara yóò ṣe máa móoru, bí èèyàn yóò ṣe tètè ronú. Nígbà oyún, àwọn ọmọ ogun ara máa ń rọwọ́ díẹ̀ kí wọ́n má bàa gbéjà ko ọmọ inú. Lẹ́yìn ìbímọ wọ́n á tún gbára dì, lára àwọn obìnrin kan tírọ́ọ̀dì ni wọ́n sì máa ń dojú kọ. Àwọn àpò kéékèèké tí tírọ́ọ̀dì ń kó họ́mọ̀nù pa mọ́ sí á fọ́, èyí tó yẹ kí ara lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á ya sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á máa sáré. Bí èyí tó ya jáde bá tán, tírọ́ọ̀dì tó ti fara gbọgbẹ́ kò ní lè ṣe tuntun tó, ara á wá falẹ̀.

Ìyára yìí sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù 1 sí 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ìfàlẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù 4 sí 8, ó sì lè wà títí di oṣù 12. Nǹkan bí obìnrin 5 nínú 100 tó bímọ ló ń ṣe. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá tírọ́ọ̀dì jà, èyí tí àyẹ̀wò TPO máa ń fi hàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí ìpele méjèèjì. Àwọn kan máa ń rí ìyára nìkan, àwọn mìíràn ìfàlẹ̀ nìkan.

Ẹ wá fi ọjọ́ ìsinmi ìbímọ wé e. Àdéhùn 183 tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, ṣe ní ọdún 2000 ní ìsinmi náà kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 14. Ìmọ̀ràn 191 tó bá a jáde ní kí àwọn orílẹ̀-èdè gbìyànjú kó tó 18. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ 14 sí 18 yìí ń pé gan-an ni ìyára sábà máa ń rọlẹ̀, tí ìfàlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin á wà nílé nígbà tí ara rẹ̀ ń sáré, á sì wọlé sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ara ń lọ sílẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ kò sí nítòsí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé ó lọ bímọ, ó dé, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì rí bó ṣe ń rí mọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ 9 dé ọ̀sẹ̀ 27

Àyẹ̀wò ìyá ọlọ́mọ tuntun tó ṣe ní ọ̀sẹ̀ 6 dára: ìfúnpá ń lọ déédéé, ojú egbò ti jiná. Ẹnikẹ́ni ò yẹ tírọ́ọ̀dì wò, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà.

Ní ọ̀sẹ̀ 9, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá gbé ife. Ọkàn rẹ̀ ń lù tó ìgbà 112 láàárín ìṣẹ́jú kan, bó tiẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Ooru ń mú un. Ìwọ̀n tó fi kún ara nínú oyún ti lọ kíákíá, àwọn èèyàn sì ń kí i kú oríire. Ohun tó yẹ kó mú ìfura wá ni oorun. Ìyá tí ọmọ kò jẹ́ kó sùn máa ń sùn fọnfọn bí wọ́n bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ọmọ ń gba ọmọ fún wákàtí 4 lálaalẹ́, ìyá á sì ranjú sílẹ̀ títí, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Èyí nìkan kò tó láti fi mọ àìsàn, nítorí àníyàn náà lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìdí láti béèrè fún àyẹ̀wò tírọ́ọ̀dì. Kò béèrè. Gbogbo rẹ̀ ló kà sí wàhálà ọmọ.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 16, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì dán mọ́rán. Ìgbà náà ni họ́mọ̀nù tó pọ̀ jù ń kọjá sílẹ̀ sí èyí tó kéré jù, ó sì ba ìwọ̀n tó yẹ pàdé lọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ 18 ló lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí irun rẹ̀ tó ń já. Irun jíjá wọ́pọ̀ gan-an lẹ́yìn oṣù 3 tàbí 4 tí obìnrin bímọ, tírọ́ọ̀dì ì báà dára tàbí kó má dára, nítorí náà kì í ṣe àmì tí a lè gbọ́kàn lé. Wọ́n yẹ TSH rẹ̀ wò, ìyẹn họ́mọ̀nù tí ẹ̀yà ara kan nísàlẹ̀ ọpọlọ fi ń rán tírọ́ọ̀dì níṣẹ́, tó máa ń ga bí tírọ́ọ̀dì bá lọ sílẹ̀. Ó jẹ́ 2.3. Ìwọ̀n tó yẹ wà láàárín 0.4 sí 4.0. Wọ́n ní kó máa lọ, ara rẹ̀ le.

Nǹkan méjì ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn. Àkọ́kọ́ ni àkókò tí a ti sọ: àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó bọ́ sí àárín ọ̀nà lè dára láìjẹ́ pé tírọ́ọ̀dì dára. Ìkejì ni oògùn irun tó ń lò, tí bíótínì inú rẹ̀ tó mílígíráàmù 10 lójúmọ́. Bíótínì, irú fítámì kan, máa ń da ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò họ́mọ̀nù rú. Ó lè mú kí TSH hàn bíi pé ó kéré ju bó ṣe wà lọ, kí T4, họ́mọ̀nù tí tírọ́ọ̀dì ń ṣe, sì hàn bíi pé ó pọ̀. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ dá a dúró, ó kéré tán fún ọjọ́ 2, kó tó lọ gba ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń gbé mì, òun náà ò sì ka oògùn irun sí oògùn.

Láti ọ̀sẹ̀ 20, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ. Àkọsílẹ̀ oṣù tó máa ń gbà á ní ọjọ́ 4 wá ń gba 7. Ó san owó ẹnì kan tó ń kó ọjà wá fún iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìwé owó náà kọ́kọ́ wá nínú ímeèlì, ó sì tún wá nínú bébà. Tẹ́lẹ̀ rí, òun gan-an ló máa ń rí irú rẹ̀ mú. Ó kọ 5,480 ní 4,580. Òtútù ń mú un níbi tí gbogbo èèyàn ti ń bọ́ aṣọ òkè. Ọjọ́ 4 lè kọjá kó tó yàgbẹ́. Ohùn rẹ̀ há. Ọmú tó ń fún sílẹ̀ fún ọmọ dín láti mílílítà 360 lójúmọ́ sí nǹkan bíi 180.

Ní ọ̀sẹ̀ 23, nọ́ọ̀sì fún un ní ìbéèrè Edinburgh, ìyẹn ìbéèrè 10 tí wọ́n ti ń lò láti 1987 láti fi wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Ó gba 14 nínú 30. Èyí tó bá ti tó 13 gba àmójútó. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kẹwàá, tó ń béèrè bóyá èèyàn ń rò láti pa ara rẹ̀ lára, jẹ́ 0, ìyẹn ni pé rárá ló dáhùn. Ìdáhùn yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ wíwò lọ́tọ̀, iye yòówù kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kó máa wá fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú olùdámọ̀ràn, ìpinnu tó tọ́ nìyẹn. Ibi tó kù sí ni pé nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti ní orúkọ, wọn ò wá ìdí mìíràn mọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì àti tírọ́ọ̀dì lè wà lára ẹnì kan náà. Rírí ọ̀kan kò fi hàn pé èkejì kò sí.

Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe òǹrorò. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni, ó sì pè é sí kọ̀rọ̀.

"Èmi náà bímọ, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Gbé ọ̀rọ̀ owó yẹn fún ẹlòmíràn ná. Máa ṣe èyí tó fúyẹ́."

"Ẹ ṣé, mà."

Inúure ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ obìnrin náà jẹ́. Ìbímọ ẹni kì í ṣe òṣùwọ̀n ara ẹlòmíràn. Ọ̀gá tó ti la ìbímọ 3 kọjá láìsí àìsàn tírọ́ọ̀dì kò tíì rí àìsàn tírọ́ọ̀dì.

Àyẹ̀wò kejì

Ní ọ̀sẹ̀ 27, dókítà mìíràn kọ́kọ́ bi í léèrè ìgbà tí ọmọ wà ní oṣù 2 sí 3, kó tó béèrè bó ṣe ń ṣe é lónìí. Bó ṣe gbọ́ ti ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà lílù àti oorun tí kò wá, ó ní kó dá oògùn irun dúró fún ọjọ́ 3 kó tó wá gba ẹ̀jẹ̀. Èsì rẹ̀: TSH 41. T4 tó wà lómìnira nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 5.8, nígbà tí ìwọ̀n yàrá àyẹ̀wò náà wà láàárín 12 sí 22. TPO ga gan-an. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, ó jẹ́ 12.1. Ó dára tí wọ́n yẹ ìyẹn wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀, ó sì máa ń mú àárẹ̀ tó jọ èyí wá.

Ká ní ó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ 9, ìtọ́jú rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Oògùn tó ń dá tírọ́ọ̀dì dúró láti má ṣe họ́mọ̀nù, irú bíi carbimazole, kò wúlò nínú àìsàn yìí, nítorí èyí tí tírọ́ọ̀dì ti ṣe sílẹ̀ ló ń jò jáde. Oògùn tó ń mú ọkàn rọlẹ̀, irú bíi propranolol, ni wọ́n máa ń fún obìnrin bí ìyára bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn Graves, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń mú kí tírọ́ọ̀dì máa ṣe họ́mọ̀nù jù, èyí tí òun náà lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní TRAb ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ gba àyẹ̀wò tàbí ìtọ́jú tó ní áyódìn onítànṣán nínú, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé òun ń fún ọmọ lọ́mú.

Wọ́n fi í sórí levothyroxine, máíkírógíráàmù 75 lójúmọ́. Họ́mọ̀nù kan náà tí tírọ́ọ̀dì ń ṣe ni, kò sì léwu fún ọmọ tó ń mu ọmú. Nígbà tó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, TSH ṣì jẹ́ 15. Wọ́n fẹ́ fi kún oògùn, kí nọ́ọ̀sì tó sọ pé kó ṣàlàyé bó ṣe ń lò ó láàárọ̀. Ó ń kó o pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ń gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jẹun lójú ẹsẹ̀. Irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń so mọ́ levothyroxine nínú ikùn, kò sì ní jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀. Calcium náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, wákàtí 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ó wá ń fi omi lásán gbé levothyroxine mì ní agogo 5:30, nígbà tí ọmọ bá jí mu ọmú, ó ń dúró fún wákàtí kan kó tó jẹun, ó sì sún oògùn ẹ̀jẹ̀ sí alẹ́. Wọn ò fi kún ìwọ̀n oògùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 mìíràn, TSH ti di 2.8.

Kò sí ìdí láti máa yẹ TSH wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Oògùn náà ń pẹ́ nínú ara, nọ́ńbà náà kì í sì í fara balẹ̀ kó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, tó sì yí oògùn padà, á máa sáré tẹ̀lé nọ́ńbà tí kò tíì dúró.

Ohun tí wọ́n yí padà níbi iṣẹ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti máa ń ṣìnà ni "iṣẹ́ tó fúyẹ́". Ohun tí wọ́n fẹ́ fún un ni kó máa tẹ nọ́ńbà láti inú bébà sínú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àmọ́ ó ń béèrè pé kí ọkàn pa pọ̀ sójú kan fún wákàtí púpọ̀, ohun náà gan-an tí ìfàlẹ̀ tírọ́ọ̀dì ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Àṣìṣe rẹ̀ ì bá pọ̀ sí i, wọn ì bá sì fi ṣe ẹ̀rí pé kò lè ṣe èyí tó kéré pàápàá. Ìmọ̀ iṣẹ́ tó ti kó jọ fún ọdún 8 kò lọ síbì kankan. Ó ṣì mọ ìwé owó tó yẹ kí èèyàn fura sí, ó ṣì mọ ẹni tó máa ń pẹ́ sanwó, ó sì lè kọ́ ẹni tuntun.

Lẹ́tà tí dókítà kọ fún iléeṣẹ́ kò dárúkọ àìsàn náà. Ó sọ nǹkan mẹ́rin: pé àìsàn tó ní ìtọ́jú ni, pé ó ń mú kó tètè rẹ̀ ẹ́, kí ọkàn rẹ̀ má sì pa pọ̀, pé a retí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, àti ohun tí kò gbọdọ̀ dá ṣe títí dìgbà náà. Ìyẹn tó ọ̀gá láti fi ṣètò iṣẹ́. Nínú ìwé ojú kan tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, owó kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ojú kejì wò ó. Ẹlòmíràn á máa tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, òun á máa yẹ̀ ẹ́ wò, á sì máa bá àwọn tó ń kó ọjà wá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ á wà láàárín agogo 10 sí 1. Ó lo ọjọ́ 6 nínú ìsinmi ọdọọdún rẹ̀, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, Ọjọ́rú, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ọjọ́rú dára ju Ọjọ́ Ẹtì lọ, torí kò ní ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ 2 léraléra kó tó sinmi. Wọ́n á jókòó yẹ ètò náà wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ètò tí kò bá ní ọjọ́ àyẹ̀wò máa ń di ipò tuntun fún obìnrin láìsí ẹni tó pinnu bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmú fífún náà wọ inú ìwé yẹn, nítorí tírọ́ọ̀dì nìkan kọ́ ló dín in kù. Nígbà tí iṣẹ́ ń wọ́, ó ti ń fo àsìkò fífún, ó ń dúró tó wákàtí 6. Ọmú tí a kò bá tú nínú déédéé máa ń dín èyí tó ń ṣe kù. Wọ́n fún un ní ìgbà méjì láàárín iṣẹ́, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan: 15 sí 20 fún fífún, ìyókù fún fífọ ohun èlò àti títọ́jú wàrà. Yàrá náà ní kọ́kọ́rọ́, àga àti ibi tí èèyàn lè ki iná mọ́nàmọ́ná bọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń pèsè oúnjẹ ọmọ. Wàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè wà níta fún wákàtí 4 bí ooru kò bá ju ìwọ̀n 25 lọ, ó lè lo ọjọ́ 4 nínú fìríìjì, ó sì lè lo nǹkan bí oṣù 6 nínú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan dì. Àdéhùn 183 ka àsìkò fífún ọmọ lọ́mú mọ́ wákàtí iṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ yọ owó rẹ̀. Abala 8 rẹ̀ ní obìnrin tó ti ìsinmi ìbímọ dé ní ẹ̀tọ́ sí ipò rẹ̀ tàbí èyí tó bá a dọ́gba, pẹ̀lú owó oṣù kan náà. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló dè, ṣùgbọ́n ìwé tó lágbára ni láti gbé kalẹ̀ níwájú ọ̀gá.

Ní ti lẹ́tà ìfipòsílẹ̀, olùdámọ̀ràn ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ránṣẹ́ títí TSH yóò fi wọ ìwọ̀n tó yẹ fún ọ̀sẹ̀ 6. Bó bá ṣì fẹ́ lọ nígbà yẹn, kó máa lọ. A fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí gidigidi. Ẹni tí tírọ́ọ̀dì rẹ̀ wà nílẹ̀ máa ń rí iṣẹ́ bí òkè, á sì gbà pé bí òun ṣe máa wà títí láé nìyẹn.

Bó ṣe parí

Ní ọ̀sẹ̀ 36, àkọsílẹ̀ oṣù gba ọjọ́ 5. Ní ọ̀sẹ̀ 44 ó padà sí 4. Ojú kejì rí àṣìṣe 2 mú ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò rí ìkankan mọ́, iléeṣẹ́ sì fi ètò náà sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó. Ìbéèrè Edinburgh di 6 ní ọ̀sẹ̀ 40, ó sì tún bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ fún oṣù 2 sí i. Ó pinnu láti dúró síbi iṣẹ́. Ọmú pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò dé mílílítà 360 mọ́.

Èyí tí kò tún ṣe dáadáa ni àfikún owó oṣù. Wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ 20 sí 27 díwọ̀n iṣẹ́ ọdún rẹ̀, àfikún sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ̀wé béèrè, wọ́n yọ oṣù àìsàn kúrò nínú ìdíwọ̀n, wọ́n sì fi àfikún sí ti ọdún tó tẹ̀ lé e, láìsan èyí tó ti kọjá. Ì bá ti dára kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn ò ní ka oṣù wọ̀nyẹn.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan tó ti ń lo levothyroxine, dókítà dín in kù sí ìdajì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, TSH jẹ́ 3.1. Wọ́n dá a dúró pátápátá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 mìíràn ó jẹ́ 3.6. Ara rẹ̀ gbà á. Àwọn mìíràn kì í rí i dá dúró, oògùn náà á sì di ti ojoojúmọ́ fún wọn. Ẹni tó rí i dá dúró náà gbọ́dọ̀ máa yẹ TSH wò lọ́dọọdún, torí tírọ́ọ̀dì tó ti ṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan lè tún lọ sílẹ̀ títí láé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bó bá tún fẹ́ lóyún, kó yẹ TSH wò ṣáájú àti ní kété tó bá ti mọ̀ pé òun lóyún. Lẹ́yìn ìbímọ, kó má dúró de àmì, nítorí ó ṣeé ṣe gan-an kí àìsàn náà tún padà: kó gba ẹ̀jẹ̀ ní oṣù 3 àti oṣù 6, kí wọ́n sì fi ọjọ́ àyẹ̀wò kejì yẹn sínú ètò ìpadà-sẹ́nu-iṣẹ́ rẹ̀ kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀.